Ẹ BI WÁ, À Ń DÁHÙN: Ilé-iṣẹ́ òwú, ìlú tó dá sílẹ̀, àti ìdí tí bọ́ọ̀lù fi jẹ́ ọ̀sán Sátidé

Látìgbà tá a ti gbé ọ̀rọ̀ àdìrẹ jáde lóṣù tó kọjá ni lẹ́tà ti ń ya wọlé lórí aṣọ àti òwú, àwọn kan ń bínú pé a ò dárúkọ ìyá wọn tó ń rẹ aró ní Ìtòkú, ẹ má bínú, ààyè ò gbà wá ni. Èyí tó yà mí lẹ́nu ni pé àwọn kan tí wọn ò mọra wọn rí ń béèrè nǹkan tó jọra, gbogbo ẹ̀ sì ń lọ sí ibì kan náà, ìyẹn Lancashire lápá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mo kó wọn pa pọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Bolton ni mò ń gbé báyìí. Ibi téèyàn bá yíjú sí, ilé bíríkì pupa gìrìwò-gìrìwò ni, àwọn kan ṣì ní ṣímínì gígùn lórí, wọ́n ti sọ òmíì di fúláàtì. Tíṣà ọmọ mi ní kí wọ́n lọ kọ ìtàn àdúgbò wá, ọmọ wá ń bi mí, mi ò rí nǹkan sọ ju “òwú ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀” lọ. Kí ló ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ gan-an? Ṣé ó tiẹ̀ kan àwa dúdú rárá? — Ọmọ Ẹ̀gbá, Bolton

ÈSÌ: Ó kan wá dáadáa, ó tiẹ̀ kan ẹ̀yin Ẹ̀gbá ju ẹlòmíì lọ, màá débẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú ti Bolton ná.

Kí ilé-iṣẹ́ ńlá tó dé, inú ilé ni wọ́n ti ń ṣe é. Ìyàwó àtàwọn ọmọ á ran òwú, bàálé á hun ún, ẹni tó bá mọ bí nǹkan ṣe ń lọ ní Ìsẹ́yìn kò ní rí i bíi nǹkan àjèjì. Ibi tó ti ń dí wọn lọ́wọ́ ni pé àwọn tó ń ran òwú ò lè bá ahunṣọ lẹ́sẹ̀ dọ́gba, òwú á tán, ahunṣọ á wá jókòó sídìí òfì máa wòye. James Hargreaves lágbègbè Blackburn ló ṣe ẹ̀rọ tó ń ran fọ́nrán púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ní nǹkan bí 1764, Richard Arkwright gba ìwé àṣẹ lórí tiẹ̀ tí omi ń yí ní 1769, ó sì kọ́ ilé-iṣẹ́ sí Cromford ní 1771. Ó wá kan ọmọ Bolton yín, Samuel Crompton, òun ló da ọgbọ́n àwọn méjèèjì pọ̀ ní 1779 tí òwú fi tinrin tó sì tún lágbára. Ilé kan tó ń jẹ́ Hall i' th' Wood ló ti ṣe é, ilé náà ṣì wà ní Bolton, ẹ mú ọmọ yẹn lọ síbẹ̀. Crompton ò gba ìwé àṣẹ o, ó kàn tú àṣírí ẹ̀rọ náà fáwọn olówó ni, wọ́n ṣèlérí pé àwọn á dáwó fún un, owó tí wọ́n dá ò tó £100, ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fún un ní £5,000 ní 1812, ìyẹn náà ò dúró lọ́wọ́ ẹ̀, ó kú ní 1827 láìní nǹkan gidi. Ní 1862, wọ́n gbé ère ẹ̀ nàró sí Nelson Square. Òkú olóore ò ní ṣaláì rí ère gbà.

Kí ló dé tó fi jẹ́ Lancashire? Òjò ibẹ̀ pọ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀ mọ̀ jù mí lọ, atẹ́gùn tútù onírì yẹn kì í jẹ́ kí òwú máa já. Odò tó ń ṣàn kíákíá wà láti yí ẹ̀rọ, nígbà tí ẹ̀rọ onísítíìmù dé, èédú wà nílẹ̀ níbẹ̀ náà, ohun tí ṣímínì wọ̀nyẹn wà fún nìyẹn. Liverpool sì wà nítòsí tí ọkọ̀ òkun á já òwú sí. Nígbà tó yá, Bolton àti Oldham ń ran òwú, Blackburn àti Burnley ń hun ún, Manchester ló ń tà á.

Ọmọ yín á fẹ́ràn eléyìí. Ilé-iṣẹ́ á ti bẹ̀rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, tálákà ò sì ní aago, ni wọ́n bá ń sanwó fún ẹnì kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó máa gbé ọ̀pá gígùn káàkiri àdúgbò láàárọ̀ kùtù, á fi gbá fèrèsé òkè títí wàá fi yọjú, á wá kọjá sílé kejì. Tó o bá pẹ́, wọ́n á ti géètì mọ́ ẹ síta, owó ọjọ́ yẹn ti lọ nìyẹn. Nínú yàrá tí wọ́n ti ń ran òwú, ooru á mú, òróró á wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń rìn kí wọ́n má bàa yọ̀. Àwọn ọmọdé ló ń ràkò wọ abẹ́ ẹ̀rọ lọ gbá eruku òwú kúrò nígbà tí ẹ̀rọ ṣì ń lọ tó ń bọ̀, àwọn míì padà jáde láìní ìka. Òfin 1833 ló ní kí wọ́n má gba ọmọ tí ò tíì pé ọdún 9 mọ́, kí ọmọ ọdún 9 sí 13 má sì ṣe ju wákàtí 48 lọ lọ́sẹ̀. Wákàtí méjìdínláàádọ́ta fọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, ìyẹn àánú tí wọ́n ṣe nìyẹn o.

Ọ̀dọ̀ àwọn ahunṣọ ló wá pariwo jù. Òfì onírin bí ọgọ́rùn-ún mẹ́ta lè máa lu nínú yàrá kan ṣoṣo, o ò lè gbọ́ ohùn ara ẹ. Àwọn obìnrin tó pọ̀ jù níbẹ̀ wá dọ́gbọ́n kan, ètè ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀, wọ́n á la ẹnu gbàgà, wọ́n á ju ojú àti ọwọ́ sí i, ẹni tó wà ní ìkángun yàrá lọ́hùn-ún á gbọ́ gbogbo òfófó láìsí ohùn kankan. Ìyá àgbà tó bá ṣe iṣẹ́ yẹn rí, tó bá tajú kán rí ẹ lẹ́yìn gíláàsì tó ò ń sọ̀rọ̀ ẹ̀, ó ti gbọ́ ẹ. Ṣùgbọ́n wọ́n tún ń fi ẹnu fa òwú gba ojú ihò inú ọ̀kọ̀ tí wọ́n fi ń hunṣọ, ọ̀kọ̀ kan náà láti ẹnu dé ẹnu, àìsàn sì ń tibẹ̀ kó wọn, 1952 ni wọ́n tó fòfin dè é. Eruku òwú náà ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, wọ́n á sinmi lọ́jọ́ Sunday, tó bá di Monday àyà á tún há.

Ọ̀rọ̀ wá kan àwa dúdú. Kí Ogun Abẹ́lé Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1861, bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin òwú tí wọ́n ń lò, tó tiẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, ilẹ̀ gúúsù Amẹ́ríkà ló ti ń wá, àwọn ẹrú dúdú ló ń já a. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi èyí sílẹ̀ nínú ìtàn àdúgbò tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ, torí àwọn olówó ibẹ̀ kan tiẹ̀ ní oko ẹrú fúnra wọn, ìdílé Greg tó ni Quarry Bank ní Styal ní oko tí ẹrú ń ṣiṣẹ́ ní Dominica. Nígbà tí ogun dí ọ̀nà òkun, òwú ò wọlé mọ́, ilé-iṣẹ́ tì, ebi wọ Lancashire gidi. Ebi yẹn ló ń pa wọ́n lọ́wọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ fi pàdé ní Free Trade Hall ní Manchester lọ́jọ́ 31 Oṣù Kejìlá 1862, wọ́n kọ̀wé sí Ààrẹ Lincoln pé àwọn wà lẹ́yìn ẹ̀ lórí kí ẹrú dòmìnira. Lincoln dá wọn lóhùn ní January 1863, ère ẹ̀ wà ní Manchester títí dòní. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ibẹ̀ ló fara mọ́ ọn o, Liverpool pàápàá, ti gúúsù ni ọ̀pọ̀ wọn ń ṣe, ṣùgbọ́n kí ẹni tí ò jẹun sọ bẹ́ẹ̀, mo júbà wọn.

Abẹ́òkúta wá ńkọ́? Henry Venn tó jẹ́ akọ̀wé CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà, àti Thomas Clegg, oníṣòwò òwú ní Manchester, ló rò ó láàárín 1850 sí 1860 pé bí Ẹ̀gbá bá ń gbin òwú tà, òwò ẹrú á dínkù, Manchester náà á sì rí òwú tí kì í ṣe tàwọn ẹrú rà. Wọ́n kó ẹ̀rọ tó ń yọ kóró òwú wá sí Abẹ́òkúta, wọ́n kó àwọn ọ̀dọ́ Sàró lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Clegg, Henry Robbin wà nínú wọn. Kódà Ìwé Ìròyìn tí míṣọ́nnárì Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ ní 1859 ń gbé ọ̀rọ̀ iye owó òwú jáde. Nígbà tí ti Amẹ́ríkà dí, owó òwú gbéra sókè, inú àgbẹ̀ dùn, àmọ́ Ogun Ìjàyè ti bẹ̀rẹ̀ ní 1860, ọ̀nà ò já gaara, nígbà tógun Amẹ́ríkà sì parí, owó já wálẹ̀. Aṣọ Manchester tí wọ́n fi òwú hun wá ń padà wá sí Èkó láti bá àwọn ahunṣọ wa du ọjà. Ẹ sọ fún ọmọ yín pé ó ṣeé ṣe kí òwú Ẹ̀gbá ti gba àdúgbò ẹ̀ kọjá kí bàbá ẹ̀ tó débẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀rẹ́ mi kan ní torí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òwú ni wọ́n ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù Premiership lọ́sàn-án Sátidé. Mo ní irọ́ ni. A ti fi ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà lé e. — Ọmọ Gunners, Òṣogbo

ÈSÌ: Ẹ lọ sanwó. Òfin 1850 ló ní kí ilé-iṣẹ́ dá àwọn obìnrin àtàwọn ọ̀dọ́ sílẹ̀ láago méjì ọ̀sán Sátidé, níbi tí iṣẹ́ sì ti so kọ́ra, bí wọ́n bá ti lọ, àwọn ọkùnrin náà ò lè dá ṣe é. Bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ṣe rí ọ̀sán ọ̀fẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà láàárín ìlú kan nìyẹn. Wọ́n lọ sílé jẹun, ó di pápá láago mẹ́ta. Ní 1883, Blackburn Olympic gba ife FA, wọ́n na Old Etonians tí wọ́n jẹ́ ọmọ olówó 2-1, ahunṣọ wà nínú ẹgbẹ́ yẹn, ẹni tó gbá góòlù tó fi parí, Jimmy Costley, iṣẹ́ òwú ríran ló ń ṣe. Nígbà tí líìgì bẹ̀rẹ̀ ní 1888, kíláàbù 12 ni, mẹ́fà jẹ́ ti Lancashire: Accrington, Blackburn Rovers, Bolton, Burnley, Everton, Preston. Nígbà tí Okocha wa ń fi ẹsẹ̀ dárà ní Bolton láti 2002, ìlú òwú ló ń dárà fún. Arsenal yín ò sí nínú ẹ̀, ilé-iṣẹ́ ohun ìjà lẹ̀yin ti wá.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n wa tó jẹ́ ààrẹ alájẹṣẹ́kù níbi iṣẹ́ wa sọ ní mítìn-ín pé àwọn ahunṣọ òyìnbó ló dá alájẹṣẹ́kù sílẹ̀. Ṣebí àwa náà ti ní èésú àti àjọ tipẹ́? — Akápò, Ìbàdàn

ÈSÌ: Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jàre. Èésú àti àjọ, ti wa ni látàárọ̀ ọjọ́. Ṣùgbọ́n irú alájẹṣẹ́kù tó ní ìwé òfin, tí ọmọ ẹgbẹ́ ní ṣíà, tí wọ́n ń pín èrè lópin ọdún, Rochdale la ti lè tọpasẹ̀ ẹ̀, ìlú òwú sì ni Rochdale. Ní 1844, ogún-lé-mẹ́jọ èèyàn, ahunṣọ pọ̀ nínú wọn, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jà fún owó ọ̀yà tán tí wọn ò rí i gbà, ọjà tí wọ́n sì ń rà lọ́wọ́ àwọn oníṣọ́ọ̀bù kò dáa, wọ́n ń po nǹkan mọ́ ìyẹ̀fun, òṣùwọ̀n ò pé. Wọ́n tu £28 jọ díẹ̀díẹ̀, wọ́n háyà ìsàlẹ̀ ilé kan ní Toad Lane, alẹ́ ọjọ́ 21 December ni wọ́n ṣílẹ̀kùn, bọ́tà, ṣúgà, ìyẹ̀fun, ọkà oat àti àbẹ́là ni gbogbo ohun tó wà lórí àtẹ. Òfin wọn ni mo fẹ́ràn: ẹnì kan ìbò kan, bó ti wù kí ṣíà ẹ pọ̀ tó, wọn kì í tàwìn, èrè á sì padà sọ́wọ́ ẹni tó ń ra ọjà, bó bá ṣe rà tó ni yóò gbà tó. Ní 1935 ni ìjọba amúnisìn gbé òfin alájẹṣẹ́kù kalẹ̀ ní Nàìjíríà, ìlànà Rochdale yìí náà ló wà nídìí ẹ̀. Ìyẹn “kì í tàwìn” yẹn ni àwa ò mú dání.

Àjọ náà wà lọ́dọ̀ wọn o. Lọ́dọọdún, gbogbo ilé-iṣẹ́ òwú ìlú kan á tì fún ọ̀sẹ̀ kan, ìlú yìí lọ́sẹ̀ yìí, ìlú kejì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Gbogbo àdúgbò á kó sínú ọkọ̀ ojú irin, ó di etíkun Blackpool. Kò sówó fún ìsinmi yẹn látọ̀dọ̀ ọ̀gá, torí náà wọ́n á ti máa dájọ díẹ̀díẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ọdún, wọ́n á kó o kí wọ́n tó wọ rélùwéè. Téèyàn bá ya ìlú yẹn lọ́sẹ̀ náà, ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù á wà ní títì, èéfín ò ní sí lójú ọ̀run. Aládùúgbò tẹ́ ẹ sì sá fún nílé náà lẹ máa bá létíkun.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá mi ṣe iṣẹ́ tẹ́sítáìlì n'Ísọlọ̀ títí wọ́n fi kó wọn dànù, pẹ̀lú ìwé ìlérí lọ́wọ́. Ibi tí wọ́n ti ń hun aṣọ tẹ́lẹ̀, okirika ni wọ́n ń tà nítòsí ẹ̀ báyìí. Kí ló pa wọ́n? Ṣé ti òyìnbó náà kú báyìí? — Ìyá Bọ̀dé, Ìsọlọ̀

ÈSÌ: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ti òyìnbó ló kọ́kọ́ kú. Ní 1913, bíi bílíọ̀nù méje yáàdì aṣọ ni wọ́n kó ránṣẹ́ sókè òkun, wọn ò tún dé ibẹ̀ mọ́ títí dòní. India tó ń ra èyí tó pọ̀ jù bẹ̀rẹ̀ sí í hun tiẹ̀, Japan náà wọjà, Gandhi ní káwọn èèyàn òun má ra aṣọ òyìnbó mọ́. Ní September 1931 tó wá sí London fún ìpàdé, ó yà sí Darwen ní Lancashire láti rí àwọn tíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn nítorí ẹ̀. Ẹ wò ó, àwọn òṣìṣẹ́ náà gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, fọ́tò ẹ̀ wà láàárín àwọn obìnrin ilé-iṣẹ́ òwú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn ogun 1945 wọ́n kó àwọn èèyàn wá láti Pakistan àti India láti máa ṣe ṣíftì òru tí àwọn ọmọ ibẹ̀ ò fẹ́ ṣe, ìdí tí Oldham, Blackburn, Bolton fi ní mọ́sáláṣí tó pọ̀ lónìí nìyẹn. Ní 1958, aṣọ òwú tó ń wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ju èyí tó ń jáde lọ. Ní 1959, ìjọba gbé òfin kan jáde, wọ́n ń sanwó fáwọn olówó pé kí wọ́n fọ́ ẹ̀rọ wọn. Irin tó ṣì ń ṣiṣẹ́, wọ́n á fi òòlù fọ́ ọ, wọ́n á gba ṣẹ́ẹ̀kì.

Ibi tó ti kàn wá ni pé nígbà tó ń bàjẹ́ lọ́hùn-ún ni wọ́n ń kọ́ tiwa. Kaduna Textile Limited (KTL) bẹ̀rẹ̀ ní 1957, David Whitehead láti Rawtenstall ní Lancashire ni ìjọba Àríwá bá da ọwọ́ pọ̀. United Nigerian Textiles (UNTL) tẹ̀ lé e, ti ìdílé Cha láti Hong Kong. Kakuri ní Kaduna kún fún òṣìṣẹ́ láti gbogbo ẹ̀yà. Lọ́dọ̀ wa, Ìkẹjà ní tiẹ̀, Ìsọlọ̀ ní tiẹ̀, Adó-Èkìtì ní tiẹ̀. KTL tì ní 2002, UNTL ní 2007, òun nìkan ló padà ṣí ní 2010, kò sì padà sí bó ṣe wà. Iná NEPA, owó black oil, owó yíyá nílé ìfowópamọ́, aṣọ China tí wọ́n fi àwòṣe wa tẹ̀ tó ń gba Cotonou wọlé, òfin àgbáyé tó ń dín iye aṣọ tí orílẹ̀-èdè kan lè kó lọ tà lókè òkun kù, tó parí ní January 2005, gbogbo ẹ̀ ló lọ́wọ́ sí i. Tẹ́ ẹ bá bi mí, iná ló ṣíwájú. Lancashire kú torí àwọn míì ń ta aṣọ ní pọ́ọ́kú, tiwa kú pẹ̀lú ọjà tó ń dúró de aṣọ níwájú ẹnu ọ̀nà.

Ọjà Aswani tẹ́ ẹ mọ̀ ní gbogbo Tuesday yẹn, orúkọ tẹ́sítáìlì ló ń jẹ́, àwọn ọmọ tó ń sáré lọ ra bàǹdù níbẹ̀ lónìí ò mọ̀. Ohun tó sì ń dùn mí ni pé kò sẹ́ni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Oldham tó ní ilé-iṣẹ́ òwú tó lé ní ọ̀ọ́dúnrún nígbà kan, ẹ máa rí orúkọ wọn nínú ìwé, lára ògiri, ẹ tún máa gbọ́ ohùn àwọn ìyá àgbà tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nínú rẹ́kọ́ọ̀dù. N'Ísọlọ̀, ìwé ìdánimọ̀ bàbá yín ló kù. Ẹ gba fóònù, ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ bi wọ́n orúkọ ẹ̀rọ tí wọ́n lò, ìró tó máa ń ròkè, ta ni súpáfáísọ̀, níbo ni wọ́n ti ń jẹun ọ̀sán, ta ló kọ́kọ́ gbọ́ pé géètì ti tì. Ẹ má ṣe jẹ́ kó di ìgbà tí a bá ń dárúkọ òkú.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ fi kún un: àwọn ìyá wa tó ń ta àǹkárá ABC máa ń bẹ̀rù kó má lọ jẹ́ ayédèrú, Hyde lẹ́bàá Manchester ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ nígbà kan. Àwọn Cha yẹn kan náà tó ní UNTL ló rà á ní 1992, lẹ́yìn 2000, iṣẹ́ náà kó lọ sí Akosombo ní Ghana. Aṣọ tó ti ń gba òkun lọ gba òkun bọ̀ látayé Clegg ti wá ń tẹ̀ nílẹ̀ aláwọ̀ dúdú, kì í kàn ṣe ọ̀dọ̀ wa ni.

ÌBÉÈRÈ: Mo ń bọ̀ ní London lóṣù kẹjọ. Ṣé ilé-iṣẹ́ òwú àtijọ́ tí ẹ̀rọ ẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ wà téèyàn lè wò? — Arìnrìn-àjò, Akúrẹ́

ÈSÌ: Ó wà, àmọ́ kì í ṣe London. Queen Street Mill ní Burnley, onísítíìmù tó gbẹ̀yìn nínú àwọn tó ń hun aṣọ, iṣẹ́ ibẹ̀ dúró ní 1982, ó wá di mùsíọ́ọ̀mù. Ẹ yẹ íntánẹ́ẹ̀tì wò kẹ́ ẹ tó lọ torí kì í ṣí ní gbogbo ìgbà, ẹ sì béèrè ọjọ́ tí wọ́n máa tan ẹ̀rọ. Quarry Bank tí mo dárúkọ lókè náà wà nítòsí pápákọ̀ òfúrufú Manchester, wọ́n ní ilé tí àwọn ọmọdé tó ń ṣiṣẹ́ ń sùn sí níbẹ̀. Tówó bá wà fún ibì kan ṣoṣo, Burnley ni kẹ́ ẹ lọ, ẹ dúró láàárín àwọn òfì nígbà tí wọ́n bá tan díẹ̀ lára ẹ̀, kẹ́ ẹ gbìyànjú láti bá ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín sọ̀rọ̀. Ẹ mú súwẹ́tà dání, August tàbí kò jẹ́ August, òjò á rọ̀.